Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Abo Ẹṣin

Òórùn ilé ẹṣin tó wà lẹ́yìn Raji Rasaki Estate kì í ṣe òórùn burúkú. Mo ń fi ìṣọ́ra sọ èyí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gba ibẹ̀ kọjá máa ń fi ọwọ́ bo imú. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró díẹ̀, wàá rí i pé òórùn mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn: ti koríko gbígbẹ, ti ọkà bàbà tí wọ́n ti rẹ sínú omi látàárọ̀, àti ti ara ẹṣin fúnra rẹ̀, tó dà bíi ti bàtà aláwọ tí ẹnì kan wọ̀ rìn nínú òjò. Ẹ̀kẹrin wà, ìyẹn ti ọ́ìlì ọkọ̀ tí atẹ́gùn máa ń gbé wá láti ọ̀nà Trade Fair lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n n kì í kà á mọ́ wọn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú òórùn yẹn níbikíbi, ẹṣin kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọmọbìnrin kan ni mo máa ń rántí, àti bí mo ṣe jowú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Tàbí kí n sọ pé mo rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé, tí àwọn tó ń ta káàdì ìpè ti na agboòrùn sí gbogbo ìkóríta Festac. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, mo ti sin ilẹ̀ baba mi fún ọdún kan, mo sì ti padà sílé àwọn òbí mi láti wá jókòó. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Láràárọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn, nítorí ẹ̀yìn ni ìpolówó iṣẹ́ máa ń wà. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọn á fi bírò yí i po, wọn á gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ mi láìsọ̀rọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí gbogbo ibẹ̀. Kò síbì kankan tí wọ́n ti sọ pé rárá. Wọn kò kàn sọ nǹkan kan ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ tí mo ti wà nílé, mo ti ń jí ṣáájú bàbá mi, mo ń jẹun ní kíá, kí n má baà rí ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti gbọ́ nípa obìnrin tí gbogbo wa wá ń pè ní Màdáámù. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì ẹranko fún ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Ọba, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ fífọwọ́ra fún ẹṣin: bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò, ìgúnpá àti ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tí iṣan ẹṣin ti le, kí wọ́n sì máa ra á títí yóò fi dẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó gba àyè lọ́dọ̀ Alhaji kan tó ní ẹṣin mẹ́rin lẹ́yìn ẹ́sítéètì náà, àwọn ẹṣin tí wọ́n máa ń kó lọ sí etíkun lọ́jọ́ ìsinmi kí àwọn ọmọdé lè gùn wọ́n. Ó ní òun fẹ́ kọ́ èèyàn díẹ̀ níṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Ilé ẹṣin ńlá kan wà ní Erékùṣù Èkó, níbi tí àwọn olówó ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò gba òun síṣẹ́ pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan. Ẹnì kan ṣoṣo. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́ fún wa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé wọ́n tan òun jẹ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi bọ́ awò ojú wọn. "Ṣé ẹṣin ló fẹ́ máa wọ́ lára?" Màmá mi ni wọ́n bi, bí ẹni pé n kò sí níjòókòó.

"Ṣé kì í rẹ ẹṣin ni?" ni ìdáhùn màmá mi.

Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi láti Festac pàápàá bá mi dá sí i lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì sọ ibi tí mo ń lọ fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yìn ẹṣin lẹ fẹ́ lọ tọ́jú. Èmi tí mo ń gbé yín kiri ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tèmi ò kí ń dùn mí ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Trade Fair ni mo ń sọ pé mo ń lọ.

Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin bu ọkùnrin kan láàárín wa jẹ léjìká lọ́sẹ̀ kejì, kò sì padà wá mọ́. Ó wá ku èmi àti ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Ọmọ Alhaja, nítorí pé ìyá rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Mile 2, tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní páálí páálí. Kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo gbọ́ èyí, ara mi balẹ̀. Mo wo ipò kan ṣoṣo yẹn, mo wo ọmọbìnrin náà, mo wo ara mi, mo sì parí èrò.

Ìdúró ni ohun àkọ́kọ́ tí Màdáámù kọ́ wa. Wàá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọrùn ẹṣin, o kò ní tẹ̀ ẹ́, o kò sì ní ra á. Wàá kàn dúró títí ẹṣin náà yóò fi rẹ orí sílẹ̀, tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rọ̀, tí yóò sì máa jẹ ohun tí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti gbà ọ́ láyè. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Màdáámù ní, ohunkóhun tí o bá ṣe lára rẹ̀, ìjà lo ń bá a jà. Mo ní aago ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Tèmi máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. Ti Ọmọ Alhaja kì í pé ìṣẹ́jú kan. Á rìn wọlé bí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, á gbé ọwọ́ lé e, ẹṣin á mí kanlẹ̀, ó parí.

Mo wá ìdí rẹ̀ bí ẹni tó kàwé. Mo kọ́kọ́ rò pé àtíkè tó ń kùn ni, nítorí ó ní òórùn òdòdó kan tí kò le. Mo ra irú rẹ̀ gan-an, mo kùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹṣin sín sí mi lójú. Mo wá rò pé bisikíìtì ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ń fi sápò. Lọ́jọ́ kan tó lọ fọ ọwọ́, mo yẹ àpò ẹ̀wù tó so kọ́ wò. Tẹ̀sùbáà àti tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni mo bá níbẹ̀. Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ìjákulẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọgbọ́n kan ló ń dá, nítorí ọgbọ́n ṣeé kọ́.

Màláàmù tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ará Kánò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Èkó débi pé Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ń gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ wò mí lójú. Ó ní, "Ìwọ, ọwọ́ rẹ máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹṣin. Ọwọ́ tirẹ̀ kàn ń kí i ni." Mo rò ó títí mo fi délé, mo ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti tọ́. N kò rí i. Láti ìgbà náà ni owú náà ti bá mi gbé. Ó dà bí egungun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun. Èèyàn lè máa sọ̀rọ̀, kó máa rẹ́rìn-ín, kó tilẹ̀ máa jẹun, ṣùgbọ́n gbogbo itọ́ tó bá gbé mì ló ń rán an létí pé ohun kan wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta, Màdáámù mú ṣọ́ọ̀kì wá. Ó máa ń yan ẹṣin kan, ọ̀kan nínú wa á dá wọlé tọ̀ ọ́, á fi ọwọ́ wá ibi tí ìrora wà, á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì síbẹ̀. Màdáámù á wọlé wá wo àmì náà, á yà á sórí àwòrán ẹṣin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màláàmù á wá fi àkísà tútù nù ún kúrò kí ẹnì kejì tó wọlé. Màdáámù kì í fi èyí ṣeré rárá. Ó ní ojú máa ń jí iṣẹ́ ọwọ́ kọ, bẹ́ẹ̀ ìrora kì í hàn sí ojú. Lẹ́yìn tí àwa méjèèjì bá ti ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ á wá ibẹ̀, á sì sọ ẹni tó bá òun mu. Lẹ́yìn ìgbà méjìlá, ìwé mi sọ pé Ọmọ Alhaja ti bá a mu lẹ́ẹ̀mẹwàá. Èmi bá a mu lẹ́ẹ̀meje. Mo rántí pé mo jókòó ti iye méjèèjì yìí lórí ibùsùn mi, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn.

Ohun tó tún ń dá mi lágara ni pé Ọmọ Alhaja kò ṣeé kórìíra. Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́bàá ọgbà la ti máa ń jẹun ọ̀sán. Á pín bisikíìtì rẹ̀ sí méjì láìbi mí bóyá mo fẹ́.

"Àǹtí, ẹ gbà. Ẹ tún ti ń kọ̀wé."

"Ohun tí Màdáámù sọ ni mò ń kọ."

"Gbogbo ẹ̀? Ṣé ẹ kọ ibi tí wọ́n ti wúkọ́ náà síbẹ̀?"

Mo ní rárá. Ó ní kí n rọra yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń ṣí i bí ẹni tó ń ṣí aṣọ olówó iyebíye. Ó ní, "Orí yín yìí, Àǹtí. Bí Màdáámù bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnu wọn lèmi máa ń wò. Tí mo bá fi délé, ó ti tán." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò gbà á sétí. Ẹni tó ti borí lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú méjìlá ló ń yìn mí; mo kà á sí àánú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a parí, Màdáámù sọ pé ọ̀gá ilé ẹṣin Erékùṣù yóò gbé ẹṣin kan wá fúnra rẹ̀, àti pé ọjọ́ náà ni òun yóò yan ẹni tí òun ń mú lọ. Lọ́jọ́ yẹn ni Ọmọ Alhaja bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní ìwé mi kó lè fi ka ohun tí òun ti pàdánù. Mo ní kó wá gbà á lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́, mo ṣí ìwé náà. Mo dé ibi ẹ̀kọ́ tí Màdáámù kọ́ èmi nìkan, lọ́jọ́ tí Ọmọ Alhaja bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìkómọ ní Ìsẹ́yìn: pé ìrora ẹṣin máa ń gbé ibì kan kó máa fara hàn níbòmíràn. Bí ẹ̀yìn ẹṣin bá ń dùn ún lápá òsì, Màdáámù ní, á gbé ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ẹsẹ̀ iwájú náà á wá máa tiro, èjìká rẹ̀ á sì le. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa tọ́jú èjìká. Ojú ìwé méjì ni mo fi kọ ọ́, tìwájú tẹ̀yìn ewé kan. Mo rọra yọ ewé náà kúrò lẹ́nu pín-ìn-nì tó so ìwé pọ̀, kò ya rárá, mo sì gbé ìwé yòókù fún un lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún ara mi pé èmi ni mo kọ ọ́, pé wọn kì í fi dandan yá èèyàn ní nǹkan. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, òótọ́ ni. Mo ti kíyè sí i pé bí mo bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dára, òótọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Ọjọ́ náà pé. Abo ẹṣin tí wọ́n gbé wá pupa rúsúrúsú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ó ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ Alhaja ló kọ́kọ́ wọlé. Mo wà lábẹ́ igi fúrúùtù, mo ń wo aago. Ó jáde, Màdáámù wọlé lọ ya àwòrán, Màláàmù wọlé lọ nù ún. Ọ̀yẹ́ ti mú, ẹ̀rọ omi kò sì yọ láti àná. Ìwọ̀nba omi tó wà nínú garawa, ti àtimu àwọn ẹṣin ni. Àkísà tí Màláàmù mú jáde kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. N kò ro ohunkóhun sí i nígbà náà.

Mo wọlé. Mo gbé ọwọ́ lé ọrùn abo ẹṣin náà, mo sì dúró. N kò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá nítorí pé ó ti rẹ̀ mí láti máa ka àáyá ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tó fi rẹ orí sílẹ̀, tí ètè rẹ̀ rọ̀. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lápá òsì, níbi tí gàárì ti máa ń parí, àtàǹpàkò mi kan ohun kan tó le bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀, tó sì gbóná ju ibi yòókù lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Awọ ibẹ̀ gbọ̀n, abo ẹṣin náà sì fi ìrù nà mí lápá. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà, n kò bi ẹṣin ní nǹkan kan, òun ló ń sọ fún mi.

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sókè. Bí mo ṣe yí díẹ̀ kí n lè fa àmì náà dáadáa ni mo rí èjìká ọ̀tún rẹ̀. Nǹkan funfun kan ṣì wà nínú irun ibẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì rí kiribiti bí Ọmọ Alhaja ṣe máa ń fa tirẹ̀. Àkísà gbígbẹ náà kò mú un kúrò tán.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Mo dúró níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, mo ń ṣe ìṣirò. Mẹ́wàá nínú méjìlá, méje nínú méjìlá. Bí ọwọ́ mi àti ọwọ́ rẹ̀ kò bá bá ara wọn mu, ta ló ṣeé ṣe kó ṣì í? Ẹsẹ̀ iwájú ló kúkú ń tiro. Ẹ̀kọ́ inú ewé tí mo yọ wà nínú orí mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé Màdáámù kò sọ pé gbogbo ìgbà ni. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ibi tó gbóná náà. Mo rìn yí abo ẹṣin náà ká, mo sì fa àmì tèmi sí èjìká, sórí àmì tirẹ̀ gan-an.

Màdáámù wọlé pẹ̀lú ọ̀gá tó gbé ẹṣin wá. Màdáámù wo àmì mi. Ó fọwọ́ lé ọrùn ẹṣin, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé apá òsì níbi tí gàárì ti ń parí, abo ẹṣin náà ju ìrù. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fi àmì síbẹ̀, ó sì ní kí Ọmọ Alhaja wọlé.

"Ẹ̀yin méjèèjì, èjìká lẹ fi àmì sí. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún."

Ọmọ Alhaja súnmọ́ ọn, ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹsẹ̀ iwájú ni mo rí tó ń tiro, Màdáámù. Mo tẹ èjìká, ó le. Mi ò tilẹ̀ dé ẹ̀yìn rárá."

"Ọjọ́ tí mo kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, o ò sí níbí." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ wà níbí. Mo ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ dúró síbí, ó pẹ́ dáadáa. Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní ó gbóná, mà."

"Kí ló wá gbé ṣọ́ọ̀kì lọ sí èjìká?"

Irọ́ tó rọrùn wà lẹ́nu mi: kí n sọ pé nítorí ẹsẹ̀ tó ń tiro ni. Ṣùgbọ́n ó ti wò mí. Mo ní, "Mo rí àmì tirẹ̀, mà. Kò parẹ́ tán."

Màláàmù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo àkísà ọwọ́ rẹ̀. "Omi ò sí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹjọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dá.

Ọ̀gá tó ti Erékùṣù wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti rí ẹni tó jíwèé wò lára ògiri, mo ti rí tara itan. Tara ẹṣin, àkọ́kọ́ nìyí." Ọmọ Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tí nǹkan kò yé.

Màdáámù nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú; ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì débẹ̀, mo lè mú un débẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti débẹ̀ tó tún gbé e kúrò, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ." Ó wá sọ fún Ọmọ Alhaja pé kó máa múra, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn ń lọ sí Erékùṣù.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí Festac. Bàbá mi wà lórí àga níwájú ilé. Wọ́n wo ojú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi, wọ́n ti yí nǹkan méjì po nínú rẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún Màdáámù ni ọ̀rọ̀ ewé tí mo yọ. Mo gbé e yẹ̀ wò ní gbogbo ọ̀nà. Ká ní mo fi sílẹ̀ nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ Ọmọ Alhaja dé ẹ̀yìn, kó fi àmì sí ibi tó tọ́. Àwa méjèèjì ì bá sì jọ fi àmì síbì kan náà. Ṣùgbọ́n ká ní àmì rẹ̀ tún wà níbòmíràn, ibòmíràn yẹn ni ǹ bá lọ. Bó ti wù kí n gbà rò ó, kò síbì kan tí àmì náà ti jẹ́ tèmi. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, mo mú ewé náà, mo lọ sí Mile 2.

Alhaja ló jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín páálí mílíìkì. Nígbà tí mo kí wọn tán tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n gbé ojú sókè. "Ìwọ ni Àǹtí yẹn? Ọmọ yìí ti fi ẹ́ yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá ní kó to páálí báyìí, á ní Àǹtí òun kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, Àǹtí òun á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n pe ọmọ wọn, ó jáde láti ẹ̀yìn. Mo na ewé náà sí i. Ó wò ó, kò yà á lẹ́nu.

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀," ló wí. "Ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ìwé yín, Àǹtí. Kejìlélógún ló kan kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

N kò tíì rò ó rí. Èmi tí mo ṣe gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìṣọ́ra. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bi mí.

Ó to páálí bisikíìtì kan dáadáa kó tó dáhùn. "Mo kọ́kọ́ ní bóyá ẹ fẹ́ tún un kọ ni, torí ìwé yín kì í ní ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni mo ní rárá, ẹ ò fẹ́ fún mi ni. Mo ní kò burú. Bó bá ṣe pé ọwọ́ ṣeé yá ni, èmi náà ì bá má yá yín ní tèmi. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti mú bírò yẹn, ara mi kì í balẹ̀. Mo máa ń ní, ohun tí màá pàdánù ni wọ́n ń kọ yẹn." Ó gba ewé náà, ó ká a sínú ẹ̀wù. "Ẹ ṣeun. Mo nílò ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Erékùṣù yẹn."

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí kò jìnnà sí ohun tí mo kà: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni, yàrá àyẹ̀wò ni mo wà. Mo máa ń gbúròó Ọmọ Alhaja. Wọ́n ní ó ti bá àwọn ẹṣin dé Kàdúná, wọ́n ní àwọn òyìnbó kan béèrè rẹ̀ lórúkọ. N kò ní purọ́ fún ọ, nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ, egungun ẹja náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rò pé bí èèyàn bá mọ ìdí owú rẹ̀, owú náà á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi.

Ohun tó yé mi ni pé n kò kórìíra ọmọbìnrin náà fún ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ ju bó ṣe gba ara rẹ̀ gbọ́ lọ, débi pé nígbà tí ẹṣin tó ń mí, tó gbóná lábẹ́ àtàǹpàkò mi, sọ òótọ́ fún mi, mo lọ gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìdọ̀tí funfun. Àwa mẹ́ta la máa ń yẹ àpẹẹrẹ oúnjẹ kan náà wò níbi iṣẹ́ mi. Mo máa ń fi bírò kọ èsì tèmi sílẹ̀ kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀, bí ó bá sì yàtọ̀, n kì í pa á rẹ́. Ọ̀gá mi ní olóríkunkun ni mí. Ó ṣeé ṣe. Mo máa ń ṣì í lóòótọ́, bóyá lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú méjìlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí ọwọ́ mi sọ, mo lè dáhùn.